Àwọn Ohun tí Òyìnbó Kì í Kà

Lọ́kọ́jà. Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹta oṣù Keje, 1889.

Tíṣà Òjó ti ilé àlùfáà bọ̀ lónìí, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti di gidi. Olùdánwò ń bọ̀ nínú ọkọ̀ elééfín nígbà tí odò Ọya bá kún, yóò sì dán mi wò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá yege, èmi ni olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé ìjọ, a ó sì máa gbé inú yàrá wa yìí lọ. Bí n kò bá yege, ọkọ̀ tó bá gbé e wá náà ni yóò gbé wa lọ sí Àsàbà, nítorí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ mi, Bàbá Àrẹ̀mú, ń kàn ti ń parí, àwọn ará Àsàbà sì ti ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà. Yàrá inú ọgbà ìjọ, ti òṣìṣẹ́ ìjọ ni. Wọn kò lé wa o, wọ́n kàn sọ bó ṣe rí.

Mo ní kí n máa kọ bí nǹkan bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì má baà gbé mi lórí lọ. Mo dúpẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n kọ. Ìyá tó bí mi kò mọ ábídí.

Sátidé, ọjọ́ kẹfà.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà náà sì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní ohun gbogbo tó ní orúkọ, ọ̀nà méjì ni òyìnbó pín in sí: èyí tí wọ́n ń kà, àti èyí tí wọn kì í kà. Ìwé wà lára èyí tí wọ́n ń kà, adìyẹ wà níbẹ̀, ìka ọwọ́ wà níbẹ̀. Omi, epo, iyanrìn, wọn kì í kà wọ́n. Ó yé mi. Àfi bó ṣe ní owó náà, wọn kì í kà á.

Mo ní, “Tíṣà, ẹ dákun, kí wá ni àwọn obìnrin ọjà ń fi ìka wọn ṣe láti òwúrọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́?”

Ó ní, “Ẹyọ ni wọ́n ń kà, Ìyá Àrẹ̀mú. Wọn kò ka owó.”

Mo ní, “Ẹyọ wá kì í ṣe owó?”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sàró ni Tíṣà, wọ́n bí i sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ bí ó ṣe ń dun ẹni tó bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lágbà.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án.

Òjò láti àárọ̀. Iyọ̀ ti di ọ̀ọ́dúnrún owó ní igbá kan, igba ni mo rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ kò tíì dé ni wọ́n ń wí.

Mo jókòó sábẹ́ ìsọ̀ Mọ̀ríámọ̀ kí òjò dá. Ọmọ Ìlọrin ni, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá iyọ̀ títà wá sí ìlú yìí, kò sì sí èdè tí kì í fi tà á: yóò bá Nupe sọ Nupe, yóò bá Ígálà sọ Ígálà, yóò bú Haúsá ní Haúsá. Mo sọ fún un pé òyìnbó kì í ka iyọ̀.

Ó ní, “Wọ́n gbọ́n níbẹ̀. Ta ni yóò jókòó máa ṣa hóró iyọ̀ kà?”

Mo ní, “Wọn kì í ka owó náà.”

Ó ju igbá sílẹ̀. “Kai! Wọn ò ka kí ni? Àwọn tó wà ní ilé ìṣúra kọ́ḿpìnnì òyìnbó yẹn nkọ́? Àdúrà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n lọ sọ fún Tíṣà pé bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, kí ó kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́la.

Obìnrin kan wá ra iyọ̀. Mọ̀ríámọ̀ bu igbá kan tó ga bí òkè, ó tún fi ọwọ́ bu èènì lé e. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì yé mi pẹ̀sẹ̀. Igbá ni à ń kà. Iyọ̀ kàn jókòó sínú rẹ̀ ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ ka ohun tí kì í kà, yóò wá igbá fún un: àpò kan, ìgò kan, ṣíbí kan. Gbogbo ohun tí Tíṣà fi wákàtí sọ, igbá Mọ̀ríámọ̀ ló là á fún mi. Mo sáré relé nínú òjò.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹwàá.

Mo bi Tíṣà kí ni èènì ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ronú. Ó ní òun kò rò pé wọ́n ní in. Àánú wọn ṣe mí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá.

Òjò kò jẹ́ kí a gbọ́ ìwàásù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ibi tí Bàbá Àrẹ̀mú ti kàn dé kò jò rárá. Àwọn tó jókòó lábẹ́ òrùlé àtijọ́ ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, kí Àmín tó dé, a ti há bí ìṣáná nínú páálí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Mo sọ síléètì mọ́lẹ̀ lónìí.

Tíṣà dán mi wò, ó fa ìlà sábẹ́ iṣẹ́ mi títí síléètì fi dà bí ebè. Ìmọ̀ràn, ó ní wọn kì í kà á. Ìròyìn, wọn kì í kà á. Iṣẹ́ tí a ń ṣe, wọn kì í kà á. Àga àti tábìlì, bí a bá pa wọ́n pọ̀ sí orúkọ kan, wọn kì í kà á, ṣùgbọ́n bí àga bá dá wà, wọ́n ń kà á. Orí mi gbóná. Mo ní ìmọ̀ràn tí ẹbí ọkọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, bí òyìnbó kò bá lè kà á, mo mọ ohun tó fà á. Àwa náà kò rí i kà tán. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú olùdánwò, kí n lọ máa di ẹrù. Ìgbà yẹn ni síléètì kúrò lọ́wọ́ mi.

Bàbá Àrẹ̀mú ló mú un nílẹ̀. Ó wò ó níhìn-ín, ó wò ó lọ́hùn-ún, ó ní, “Kò là. Igi etí rẹ̀ nìkan ló ṣí. N ó kàn án.” Ó kàn án kí a tó jẹun. Kò bi mí pé kí ló dé. Ọkọ bí èyí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bí i, àti ìmọ̀ràn rẹ̀ gbogbo.

Fráìdeè, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ.

Ọdún yípo lórí Ìyábọ̀ wa lónìí. Mo lọ tu koríko ní ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tí wọ́n sin ín sí. Koríko ti ga nítorí òjò. Mo jókòó tì í díẹ̀.

Ẹ̀rù Àsàbà tó ń bà mí, òun ni. Ilé wà ní Àsàbà, iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn rere sì wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tu koríko yìí? N kò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ níhìn-ín kí n wọkọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, kì í ṣe nítorí oyè olùkọ́.

Mo padà sílé, mo kọ orí ẹ̀kọ́ tí mo kórìíra yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹtàlá.

Iṣu tuntun ti dé! Àwọn ará Oworo ru ú sọ̀kalẹ̀ láti oko wọn lẹ́yìn òkè. “Òkun o!” ni wọ́n ń kí wa, àwa náà ń dáhùn “Òkun!” bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kíni nílé wa. Obìnrin tó tà fún mi ní òun kò tíì rí irú iṣu bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń dáko, ó sì jẹ́ kí n mú ọ̀kan lé e. Kí Ọlọ́run bù sí oko rẹ̀.

Bí mo ṣe ń gún iyán, mo ń kọ́ ara mi: iṣu, a ń kà á. Iyán, a kì í kà á. Odó kan náà ni wọ́n gbà. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Àrẹ̀mú nídìí oúnjẹ. Ó wo iwájú rẹ̀, ó ní, “Èyí tí o fún mi lónìí yìí, mo lè kà á.” Mo bu kún un fún un. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ́nà ọ̀fun.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ibà ti dá Tíṣà dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Inú mi bà jẹ́ fún un, ó sì bà jẹ́ fún ara mi pẹ̀lú, kí n má purọ́. Mọ̀ríámọ̀ se àgbo ránṣẹ́ sí i. Tíṣà ní òun ti mu oògùn òyìnbó. Mọ̀ríámọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó dúró tì í níbi àkéte, ó ní, “Ẹ mu ún, bàbá. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá bá yín kú, ta ni yóò kọ́ ọ̀rẹ́ mi?” Ó mu ún.

Ní ọ̀sán, ó la ojú, ó ní, “Irun orí, Ìyá Àrẹ̀mú?”

Mo ní, “Wọn kì í kà á.”

“Bí ẹyọ kan bá wá bọ́ sínú ọbẹ̀ nkọ́?”

Mo ní, “Ìyẹn, wọ́n ń kà á, olúwarẹ̀ á sì bá ẹni tó sè é wí.”

Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Mo mọ̀ pé kò ní í kú.

Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án.

Ọya ti wọ àwọn ilé ìsàlẹ̀ ní èbúté. Wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré kó ìkòkò jáde láti ojú fèrèsé. Iyọ̀ di irínwó. Kò sí ọkọ̀ elééfín. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ku apá ẹnu ọ̀nà nìkan, Bàbá Àrẹ̀mú sì ń rọra kàn án báyìí, ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ lọ́ra rí.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Ó dé! A gbọ́ fèrè rẹ̀ kí a tó rí èéfín. Gbogbo ìlú ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, Mọ̀ríámọ̀ ló ṣíwájú wọn nítorí iyọ̀. Èmi jókòó lórí àpótí, mo ń tún orí ẹ̀kọ́ mi kà.

Tíṣà ló mú olùdánwò gòkè wá. Mo ti rò pé òyìnbó ni, àṣé ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, àlùfáà tí wọ́n bí sí Sàró, ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ará ìhà Ọ̀yọ́ tí ogun kó. Kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, bó bá gbìyànjú rẹ̀, a máa tàsé ní ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ ń padà. Ọ̀gá ọkọ̀ ti sọ fún Bàbá Àrẹ̀mú pé àyè wà fún ẹrù wa.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún.

Mo ti dé láti ibi ìdánwò. Kí n kọ ọ́ kí ó tó sá mọ́ mi lọ́kàn.

Ti orí ìwé ló kọ́kọ́ dé. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn náà ò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sínú, kí n fi ẹnu dáhùn, Tíṣà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Olùdánwò ní kí n ṣe bí ẹni pé òun ni ọmọ ilé-ìwé, kí n kọ́ òun bí a ṣe ń béèrè iye. Mo fi omi àti ife kọ́ ọ, mo fi àgbàdo àti apẹ̀rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ń mi orí. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ nínú mi pé Olúwa ṣeun, ó ti bọ́ sí i.

Ó wá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní mo dúpẹ́, Ọlọ́run fún mi lọ́mọ. Ó ní mélòó. Mo ní wọ́n wà. Ó ní òun gbọ́, mélòó? Mo yí ojú, kí ni mo rí? Tíṣà Òjó, tó ti jẹ́ Kristẹni láti inú ìyá rẹ̀ wá, ń na ìka sí mi lábẹ́ tábìlì! Ó ń ka àwọn ọmọ fún mi! Bí síléètì bá wà nítòsí, n bá ti sọ ọ́ lù ú, àlùfáà ìbá sì lé mi jáde níbẹ̀.

Olùdánwò gbé ìkọ̀wé sílẹ̀. Ó bi mí bóyá n kò mọ iye wọn ni, tàbí n kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. N kò mọ ibi tó ti wá. Mo ní mo mọ méjèèjì, sà. Mo ní adìyẹ mi, n ó kà á fún yín, ìgò epo mi, n ó kà á. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá tó bí wọn náà kì í sì kà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀, kò burú, sà. Mo ti ń wo ẹrù wa nínú ọkọ̀. Mo ti ń wo koríko.

Yorùbá ni olùdánwò fi dá mi lóhùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ìyá mi,” ó ní. “Ní Sàró. Àwọn ènìyàn gómìnà máa ń wá ka ará ilé. Ìyá mi kò ní sọ. Yóò… yóò pa ẹnu dé. Àwa ọmọ tí a ti lọ sí ilé-ìwé, ojú a máa tì wá. A rò pé kò mọ̀ ọ́n kà.”

Olùdánwò yí ìjókòó rẹ̀ kọjú sí mi.

Ó ní, “Ní ìrọ̀lẹ́, báwo ni o ṣe ń mọ̀ pé gbogbo wọn ti wọlé?”

Mo ní, “Mo ń pè wọ́n, sà.”

“Pè wọ́n.”

Mo pè wọ́n bí mo ṣe bí wọn. Àrẹ̀mú. Ìyábọ̀. Ohùn mi yí níbẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Modúpẹ́. Yàkúbù. Ó bi mí ohun tó ṣe èyí tí mo pè ṣìkejì. Mo ní ó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà yín níhìn-ín, sà, lẹ́bàá ògiri. Ó wo ojú fèrèsé lọ sí ìhà ibẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tíṣà Òjó ń fi etí agbádá nu ojú, kò sì bọ́ awò rẹ̀.

Wọ́n ní kí n máa lọ.

Fráìdeè, ogúnjọ́.

Mo yege! Ẹ bá mi dúpẹ́! Olùdánwò ní àṣìṣe wà nínú ìwé mi, ó fi hàn mí, ó ní kí n má tún un ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó lè dìde fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìdí tí òun kò fi ní í dáhùn ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó láti fi kọ́ ọmọ. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, yàrá náà sì di tiwa. Mo kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, Ìyá Àrẹ̀mú,” ó ní, ní Yorùbá, kò sì tàsé rárá.

Mọ̀ríámọ̀ bu iyọ̀ fún mi, kò gba owó. Ó ní owó tí wọn kì í kà, kí ni òun fẹ́ fi ṣe? Tíṣà fún mi ní síléètì tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èébú tí mo ti bú u nínú ọkàn mi. Ó ní òun gbọ́ díẹ̀ nínú wọn.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún.

Ọkọ̀ lọ. Bàbá Àrẹ̀mú bá wọn gbé igi sínú rẹ̀, ó sì dúró ní etí omi títí èéfín fi tán lójú.

Nígbà tó dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Kí ni wọ́n bi ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi ń sunkún káàkiri ìlú?”

Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ kò tíì ti ẹnu bàbá rẹ̀ jáde rí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣèèṣì pè é, yóò dìde, yóò lọ wá iṣẹ́ ṣe. Mo sọ ọ́ síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń retí kí ó dìde.

Kò dìde. Ó ní, “O pè é mọ́ wọn?”

Mo ní, “Ibi tí mo bí i sí náà ni mo pè é sí.”

Mo wọlé lọ ro ọkà. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, mo fẹ́ jáde pe àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde, ó ti ń pè wọ́n fúnra rẹ̀. “Àrẹ̀mú o!” Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀, mo sì di ilẹ̀kùn mú.

“Ìyábọ̀,” ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè pe àwọn tó kù, wọ́n sì ń sáré bọ̀.